Bí Àyà Bá Ń Já, Ẹ Fẹsẹ̀ Tẹlẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ àyà jíjá ni.

Ọ̀kan nínú wa wà tó ń ta àǹkárà. Iná jó ìsọ̀ rẹ̀, tòun ti ọjà tó fi owó àjọ rà. Ó yá owó, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sun pàǹtí lẹ́yìn ọjà, èéfín sì wọlé. Kò pẹ́ tí ìyá yìí fi di àyà mú. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní òun ń kú lọ. Kí la wá ṣe? A pé bò ó, a da omi lé e lórí, a ń mì í jìgìjìgì. Ẹnì kan ní kó máa mí sínú ọ̀rá. Ẹlòmíràn ní ayé ló ń ṣe é. Gbogbo ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà, ìbẹ̀rù ló fi kún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi lè ṣí ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ gbèsè kò sinmi.

Nọ́ọ̀sì kan ló là wá lóye. Ó ní bí ara bá rò pé ewu dé, ó máa ń tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú ọkàn sáré kí èèyàn lè sá tàbí kó jà. Ó wúlò bí màlúù bá já wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ara ẹni tí iná ti jó lọ́jà lè ṣi èéfín pàǹtí mú fún iná àná. Bí a bá sì ń mí ní àmíjù, òòyì á máa kọ́ni, ìka ọwọ́ àti ètè á máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ẹ̀rù á tún pọ̀ sí i. Ó sábà máa ń le jù láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ọkàn tó ti sá lọ síbi iná àná, àríyànjiyàn kò lè pè é padà. Ara la fi ń pè é. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é:

1. Ẹ jókòó. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa.

2. Ẹ fa èémí sí imú wọ́ọ́rọ́, ẹ ka 4. Ẹ tú u jáde lẹ́nu bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ ka 6. Ìtújáde ni kó gùn jù.

3. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú ìrẹsì tàbí ẹ̀wà tí ẹ ń tà. Alásọ, di aṣọ mú. Omi tútù inú ọ̀rá náà dára láti dì mú.

4. Ẹ dárúkọ ohun 5 tí ẹ ń rí, 4 tí ọwọ́ yín ń kàn, 3 tí ẹ ń gbọ́, 2 tí ẹ ń gbóòórùn, 1 tí ẹ̀ ń tọ́ wò. Níbi tí irú àti ẹja gbígbẹ wà, imú kì í wá iṣẹ́ tì.

5. Ẹ ka ogún bọ̀ wálẹ̀: ogún, mọ́kàndínlógún, méjìdínlógún.

Ẹ má dúró di ọjọ́ tó bá dé. Ẹ fi kọ́ra láàárọ̀ kí oníbàárà tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, ẹ má pé bò ó. Kí ẹnì kan lóṣòó tì í, kó rọra sọ pé: "Màmá, èmi nìyí. Inú ọjà la wà. Ẹ jẹ́ ká jọ mí." Ẹ má fi ọ̀rá bo ẹnikẹ́ni lẹ́nu o.

Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dunni bí ẹni gbé ẹrù lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bọ̀, tàbí tí èèyàn dákú, ẹ má ka nǹkan kan. Ilé ìwòsàn ni kíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, àgàgà fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bó bá ń padà wá lemọ́lemọ́, ẹ lọ rí dókítà. Àwọn kan á ní ẹni tó bá dé Yábàá tàbí Árò ti ya wèrè. Irọ́ ni. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú èèyàn ní Árò, l'Abẹ́òkúta, tí aláìsàn máa ń gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nígbà náà. Àìsàn bí àìsàn ni.

Òótọ́ ni pé fífẹsẹ̀ tẹlẹ̀ kò san gbèsè. Ẹni tí owó àjọ ń dẹ́rù bà, kó tètè wá bá wa sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé.

Ìyá alánkàrá wa ti padà sí ìsọ̀. Èéfín ṣì ń wọlé nígbà mìíràn. Tó bá dé, á bọ́ bàtà, á di etí aṣọ mú, á máa kà bọ̀ wálẹ̀. Níjọ́sí, oníbàárà dé bá a ní méjìlá. Ó ní kó ṣe sùúrù díẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó tà.