Ìjókòó kan ṣoṣo tó fọ́ ẹgbẹ́ l'Ékòó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1941, Dókítà Kòfowórọlá Abáyọ̀mí fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìjọba amúnisìn. Ó ku kí ará Èkó dìbò yan ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, lójú ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè.

Ṣùgbọ́n irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Lábẹ́ òfin tí Gómìnà Hugh Clifford gbé kalẹ̀ ní 1922, ènìyàn mẹ́rin péré ni ìbò lè gbé wọ Ìgbìmọ̀ náà: mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Kàlàbá. Obìnrin kò gbọdọ̀ dìbò. Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá sì tó 100 pọ́n-ùn, ìran ni òun náà ń wò. Láti 1923 ni ẹgbẹ́ NNDP ti Herbert Macaulay ti ń jẹ gàba lórí ìdìbò Èkó, kí ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1938.

Inú tó bí àwọn ọ̀dọ́ sí iléẹ̀kọ́ gíga Yábàá, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó ti yunifásítì, ló bí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yìí ní 1934. Ernest Ikoli àti Samuel Akínsànyà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí náà ló wá fẹ́ ìjókòó Abáyọ̀mí.

Ikoli, ọmọ Ijaw láti Nembe, ni olóòtú àkọ́kọ́ fún Daily Times ní 1926. Akínsànyà jẹ́ ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, aṣíwájú láàárín àwọn oníṣòwò irè oko àti àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù. Ikoli ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Akínsànyà kò gbà. Ó dá dúró, ó sì bá a du ipò náà.

Nnamdi Azikiwe, ọmọ Ìgbò tó dá West African Pilot sílẹ̀ ní 1937, gbè sẹ́yìn Akínsànyà. Ikoli sì ni olóòtú Daily Service, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, tó ti ń bá Pilot du òǹkàwé láti 1938. Ìjà ìbò di ìjà gègé.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹgbẹ́ ni pé torí Akínsànyà jẹ́ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ṣe tì í sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ sí ìjà ẹ̀yà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ: Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ kan náà, ẹ̀yìn Ikoli ló wà.

Ikoli wọlé. Azikiwe àti Akínsànyà kó ẹrù wọn kúrò nínú ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò àti Ìjẹ̀bú inú rẹ̀ sì tẹ̀lé wọn. Ní 1944, Azikiwe àti Macaulay, ẹni tí Nigerian Youth Movement ti fi ìbò lù ní 1938, jọ dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀. Ní 1951, Awólọ́wọ̀ gbé Action Group jáde láti kojú rẹ̀.

Akínsànyà ní tirẹ̀ padà sílé. Ní 1941 yẹn náà ni ó jẹ Ọdẹmọ ti Ìsarà, ó sì lo ohun tó lé ní ogójì ọdún lórí ìtẹ́. Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà, fi ìtàn bó ṣe du oyè náà sínú ìwé rẹ̀ Ìsarà, tó jáde ní 1989.