Gbígbin Asofẹ́yẹjẹ Láti Ara Ẹ̀ka Rẹ̀

Igi asofẹ́yẹjẹ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Orúkọ rẹ̀ fi hàn bí ó ti ń tàn kálẹ̀: ó ń so, ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀, ẹyẹ a sì gbé irúgbìn rẹ̀ dé ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ibi tí igbó bá ti tán, ẹyẹ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí mọ́. Láti ìgbà tí a ti ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978 ni ilé ti ń gba ààyè igbó ní Mowe àti Ibafo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ifọ̀.

Ewu kejì ni pé gbòǹgbò igi náà ni a ń lò jù fún oògùn. Ẹni tí ó já ewé kò pa igi. Ẹni tí ó hú gbòǹgbò tán ti pa á. Igi tí ó níye lórí sì ni. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Switzerland yọ èròjà reserpine, tí ó ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, láti ara ìbátan rẹ̀ kan tí ó ń hù ní Íńdíà. Èròjà yìí wà nínú asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú. Ní ọdún 1960, dókítà Raymond Prince, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro, Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ti ń fi irú igi yìí tọ́jú wèrè.

Kí ni a ó wá ṣe? Ẹni tí ó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ tàbí pèrègún rí ti mọ̀ pé igi lè hù láti ara igi. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀ka asofẹ́yẹjẹ lè gbẹ kí ó tó ta gbòǹgbò. Nítorí náà, ní òwúrọ̀, ẹ gé ẹ̀ka tí kò rọ̀ jù, tí kò sì gbó jù, ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ó ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ dá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdábùú lábẹ́ ojú kan. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ sì gé ti òkè sí ààbọ̀. Ẹ rì í bọ inú yanrìn tí a ti fọ̀, lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ fi ọ̀rá funfun bò ó. Kí yanrìn máa tutù, ṣùgbọ́n kí omi má dúró sí i. Bí ó bá ti ta gbòǹgbò dáadáa, ẹ lọ́ ọ sínú ọ̀rá eléèpẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbé e lọ sí oko.

Ẹ ṣọ́ra: oje rẹ̀ ní oró, kí akẹ́kọ̀ọ́ má tọ́ ọ wò. Bákan náà, gbogbo ẹ̀ka tí a gé lára igi kan náà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àrùn tí ó bá pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn. Láti ara igi púpọ̀ ni kí a ti gé e, kí a sì tún gbin irúgbìn rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá ní ebè kan péré, àwọn ọmọ wa yóò mọ igi yìí ní ojú, kì í ṣe ní orúkọ nìkan.