Irinṣẹ́ Inú Ilé fún Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Ẹgbẹ́

Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó ń fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ìfowópamọ́ àti owó àyálò. Òmíràn nínú wọn ti gbó, owó àtira tuntun kò sì sí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí a lè fi ohun èlò inú ilé ṣe, kí a tó ronú àtisanwó fún oníṣẹ́.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ da àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kọ sórí fláàṣì. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe irin lásán. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára iná, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀. Ẹ mọ bí aṣọ ṣe máa ń ta pàrà-pàrà nígbà ọyẹ́ bí a bá ń bọ́ ọ: irú iná kékeré bẹ́ẹ̀ tó láti ba nǹkan inú rẹ̀ jẹ́.

Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun, tí kò tíì kan ọ̀dà, ni kí ẹ fi gbá eruku. Páǹpù kẹ̀kẹ́ yóò fẹ́ ìyókù jáde. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan dá fáànù rẹ̀ dúró kí atẹ́gùn má baà yí i ní àyíjù. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Kíréètì ẹyin ni kí ẹ kó nọ́ọ̀tì sí, ihò kọ̀ọ̀kan fún ibi tí ẹ ti tú u. Ẹni tí ó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú agolo kan, ojú rẹ̀ yóò rí nǹkan nígbà tí ó bá ń dì í padà.

Bí kọ̀ǹpútà bá ń ké ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ yọ RAM rẹ̀, ẹ fi rọ́bà ìpàwérẹ́ ọmọ ilé-ìwé nu eyín rẹ̀ jẹ́jẹ́. Wúrà ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀, ẹ má họ ọ́.

Èyí tí ó kan owó wa jù ni bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, tí ó ń mú kí aago inú rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí iná. CR2032 ni ó wọ́pọ̀: fóòlítì 3, mìlímítà 20 ní fífẹ̀, 3.2 ní nínípọn. Bí ó bá kú, ọjọ́ inú kọ̀ǹpútà yóò máa padà sẹ́yìn ní ọdún púpọ̀ nígbàkúùgbà tí iná bá lọ. Ẹni tí ó san gbèsè lónìí yóò wá dà bí ẹni tí ó san án kí ó tó yá a, èlé rẹ̀ yóò sì dàrú. Irú èyí ní í dá ìjà sílẹ̀ nípàdé, bẹ́ẹ̀ akápò kò jí kọ́bọ̀. Igi ìtayín ni kí ẹ fi yọ ọ́, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹ tún ọjọ́ ṣe kí ẹ tó kọ owó ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Àpótí iná tí wáyà wọ̀ lẹ́yìn nìkan ni kí ẹ má ṣí rárá. Iná lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà. Oníṣẹ́ ni kí ẹ gbé ìyẹn lọ bá.