Ọ̀dọ́ Kristẹni àti Ìbò: Ta Ni Yóò Dí Ihò Ìkòkò?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé ìdílé lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìjọ Mímọ́ kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, ìwé yìí náà kò sì ní. Ọ̀rọ̀ ojúṣe ni, ó sì kan gbogbo ilé tí ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún 18.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi kan, a bá àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ jókòó lábẹ́ ibòji, a sì bi wọ́n pé àwọn wo nínú wọn ló dìbò nígbà tí a yan àwọn aṣòfin ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2023. Díẹ̀ ló na ọwọ́ sókè. Ọ̀kan nínú àwọn tí kò na ọwọ́, tó ń ṣe iṣẹ́ zémidjan, sọ pé: "Ẹ má bínú o. Bí mo dìbò, bí n kò dìbò, èmi náà ni n ó ra epo sí ọ̀kadà mi lọ́la. Oorun ni mo sùn lọ́jọ́ náà." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán fi kún un pé: "Àwọn tí ẹ tiẹ̀ dìbò fún, ṣé wọ́n padà wá wo bí àgbàrá ṣe ń wọ ilé wa?"

A kò bá wọn jà. Ẹni tó bá ń gbé Jonquet mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àdúgbò wa kì í sùn. Ọkọ̀ ń kó èrò, orin ń dún, ilé ọtí ń ṣí di òru, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí a sì ń rí níbẹ̀ ló jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń lé kiri. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan tó jókòó nítòsí gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò mọ iye tí a rà á." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Iye tí a rà á

Ilẹ̀ wa gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960. Dahomey ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà, Hubert Maga sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn àgbà òṣèlú, àwọn ológun sì dá sí i. Wọ́n gba ìjọba ní ọdún 1963, ní 1965, ní 1967, ní 1969, àti ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1972, nígbà tí Mathieu Kérékou gorí àlééfà. Ní 1974 ó kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ìjọba yóò máa tẹ̀lé. Ní 1975 ó yí orúkọ ilẹ̀ padà sí Bẹ̀nẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni òfin gbà.

Ìdìbò wà nígbà náà o. Ní ọdún 1979, 1984 àti 1989, wọ́n pe àwọn ènìyàn jáde láti yan ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣùgbọ́n àkójọ orúkọ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà gbé kalẹ̀: kí o gbà á tàbí kí o kọ̀ ọ́. Bí a bá gbé ọbẹ̀ kan ṣoṣo síwájú ènìyàn, tí a ní kó mú èyí tó wù ú, ṣé yíyàn nìyẹn?

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1989, àpò ìjọba ti gbẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lo oṣù púpọ̀ láìgba owó. Àwọn báǹkì ìjọba wó, owó tí àwọn ìyá wa fi òógùn ojú kó pamọ́ sì há síbẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ́n fi fagi lé ọdún ẹ̀kọ́ náà. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọ̀dọ́: ọdún kan gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ di òfo. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù wa kọ lẹ́tà àkókò Àwẹ̀, wọ́n pe gbogbo ọmọ ilẹ̀ sí ìyípadà ọkàn kí Bẹ̀nẹ̀ lè yè.

Ọjọ́rú Eérú ọdún 1990

Láti ọjọ́ 19 títí di ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990, àwọn ènìyàn tó tó 500 péjọ sí hótẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo níhìn-ín ní Kútọnu fún Àpérò Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè. Olùkọ́ wà níbẹ̀, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ológun, oníṣòwò, àwọn ààrẹ àtijọ́ àti àwọn ẹlẹ́sìn gbogbo. Ẹni tí wọ́n fi ṣe alága ni Mọ̀sínyọ̀ Isidore de Souza, ọmọ Ouidah, tó jẹ́ igbákejì Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kútọnu nígbà náà. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn pé àwọn ológun lè tú ìpàdé náà ká nígbàkígbà. Ní ọjọ́ 25, Àpérò kéde pé ohun tí òun bá fẹnu kò sí ni abẹ gé. Ní ọjọ́ 28, Ààrẹ Kérékou gba ìpinnu náà. Ọjọ́rú Eérú ni ọjọ́ yẹn bọ́ sí. Ní ọjọ́ tí Ìjọ ń rán wa létí pé erùpẹ̀ ni wá, ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹrí ba fún àwọn ará ìlú, kò sì sí ìbọn tó dún.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ará ìlú fi ìbò gba Òfin Ìpìlẹ̀ tuntun. Ní oṣù Kẹta ọdún 1991, wọ́n fi ìbò yan Nicéphore Soglo, Kérékou sì gbé ìjọba sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 5, ní 1996, ju ènìyàn mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò ló jáde; wọ́n yan Kérékou padà, Soglo náà sì kó ẹrù rẹ̀. Ìbò kan náà tó gbé e wọlé ló mú un jáde. Ní ti Mọ̀sínyọ̀ de Souza, kò fi iṣẹ́ náà wá ipò ààrẹ. Olùṣọ́-àgùntàn ló jẹ́ títí Ọlọ́run fi pè é ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1999.

Ohun tí ìyá àgbà ní lọ́kàn nìyẹn. Ìwé ìbò tí a ń fojú tín-ín-rín, àwọn kan ló fi ọdún wọn, owó wọn àti ìgbà èwe wọn rà á.

Àwọn igi tó ń wá ọba

Nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 9, Jótámù pa òwe kan fún àwọn ará Ṣékémù. Àwọn igi ń wá ẹni tí yóò jọba lórí wọn. Wọ́n lọ bá igi ólífì, ó ní òun kò lè fi òróró òun sílẹ̀. Wọ́n lọ bá igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ní òun kò lè fi adùn òun sílẹ̀. Àjàrà náà kọ̀. Nígbà tí gbogbo igi rere ti ráyè tara wọn, igi ẹ̀gún ni wọ́n bẹ̀, kíá ló sì gbà. Ẹ̀yin ará, igi ẹ̀gún kò fi agbára jọba. Àwọn igi rere ló fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ìdí nìyí tí Ìjọ fi ń kọ́ wa pé ìbò dídì jẹ́ ojúṣe ẹ̀rí-ọkàn. Àpéjọ Vátíkàn Kejì sọ ọ́ ní ọdún 1965 nínú ìwé Gaudium et Spes. Katikísìmù tó jáde ní 1992 náà sọ ọ́ ní ìpínrọ̀ 2240, níbi tó ti ka ìbò dídì mọ́ owó orí sísan àti ààbò ilẹ̀ baba ẹni. Nígbà tí Bàbá Mímọ́ Bẹ́nẹ́díktì Kẹrìndínlógún bẹ̀ wá wò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ìwé tó fọwọ́ sí ní Ouidah dá lórí ìlàjà, ìdájọ́ òdodo àti àlàáfíà ní Áfíríkà. Ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni kọjá kí a gbé àsíá sókè ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn ilé, á bá wọn gbá a.

Fráǹkì 2,000

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn kan nínú wa kì í sùn lọ́jọ́ ìbò; wọ́n máa ń jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ìbò náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹnì kan fún wọn ní fráǹkì 2,000, tàbí ìrẹsì díẹ̀, tàbí aṣọ tí wọ́n ya àwòrán sí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣírò ọjà. Bí ẹni tó gba ipò náà bá lo ọdún 5, fráǹkì 400 ni ìyẹn lọ́dún, bíi fráǹkì kan péré lóòjọ́. Ta ni nínú wa tí yóò yá ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní fráǹkì kan lóòjọ́? Ẹni tó sì ti ra ìbò rẹ kò jẹ ọ́ ní gbèsè mọ́. Bí o bá lọ sọ fún un pé àgbàrá wọ ilé rẹ, yóò ní òun ti sanwó.

Bí ẹni tó wù wá kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí wúwo, a kò sì ní sá fún un. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, a yan aṣòfin láìsí ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú ìwé ìbò. Kò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn olùdìbò tó jáde. Lẹ́yìn náà ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Kútọnu, ẹ̀mí sì bọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló pinnu láti ìgbà náà pé àwọn kò ní dìbò mọ́. A mọ ìbànújẹ́ wọn. Bí ẹnì kan bá fi ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ rò ó, tó gbàdúrà, tó sì rí i pé kò sí ẹni tí òun lè yàn, a kò ní pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ronú títí tó fi kọ̀, àti ẹni tó kàn sùn, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ sì wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní ìdìbò ọdún 2023, àwọn alátakò padà sínú ìwé ìbò. Nínú àyè 109, ẹgbẹ́ Les Démocrates rí 28 gbà. Àyè 24 ni òfin sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin. Síbẹ̀, kò tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó jáde. Ìlẹ̀kùn ṣí díẹ̀, àwa tí à ń pariwo pé ó tì, a kò jáde láti wọlé.

Bí ìbò bá sì kú, kí ni yóò rọ́pò rẹ̀? Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn ọmọ ogun kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ti gba ìjọba. Kò bọ́ sí i fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó mọ ọdún 1963 sí 1972 ló mọ irú ẹ̀rù tó bà wá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ará wa tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà

Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń ka ojú ewé yìí wá láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Ìpóbẹ̀. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n. Àwọn mìíràn wá láti Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ti pẹ́ ní Jonquet. Èdè kan náà ni a ń sọ, ṣùgbọ́n ìbò kì í ṣe ti èdè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìwé àyédèrú láti dìbò níbi tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀. Ní ìdìbò ààrẹ ọdún 2023 ní Nàìjíríà, orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló wà nínú ìwé, bí mílíọ̀nù 25 péré ló dìbò. Ẹ rí i pé àìsàn kan náà ló ń ṣe ilé méjèèjì. Ẹ pe àwọn ọmọ yín tó wà nílé, kí ẹ rọ̀ wọ́n.

Ohun tí a lè ṣe nínú ilé

Òbí, ẹ tètè gba ìwé ọjọ́ìbí fún ọmọ. Láti ọdún 2021, inú ìwé orúkọ tí ANIP ń tọ́jú ni a ti ń yọ orúkọ àwọn olùdìbò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ọjọ́ ìbò ni yóò mọ̀, ẹ̀pa kò sì ní bóró mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń sún mọ́ ọdún 18 lọ wo orúkọ rẹ̀ àti ibi tí yóò ti dìbò nígbà tí àkókò ṣì wà.

Ẹ jíròrò nídìí oúnjẹ, láìsí èébú. Kí bàbá má pàṣẹ ẹni tí ìyàwó tàbí ọmọ yóò yàn; ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń dìbò, Ọlọ́run nìkan ló ń bá ènìyàn wọ ibẹ̀. Kí a bi ara wa léèrè nípa olùdíje kọ̀ọ̀kan: Irú ìwà wo ló hù nínú ipò tó ti dì mú? Kí ló ṣe fún aláìní? Kí a má wò ó pé ọmọ ìlú wa ni.

Lẹ́yìn ìbò, kí a má sùn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ bá ẹni tí ẹ yàn nípa àgbàrá náà.

Ọba Gézò ti Abomey fi ìkòkò tó ní ihò púpọ̀ ṣe àmì: bí gbogbo ọmọ ilẹ̀ bá fi ọmọ ìka wọn dí ihò rẹ̀, omi kò ní dànù. Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n máa ń fi tàdáwà sí wa lọ́mọ ìka. Arákùnrin wa oní-zémidjan, òótọ́ ni pé ìka rẹ kan kò lè dí gbogbo ihò. Ṣùgbọ́n ihò kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tìrẹ, omi sì ń gbabẹ̀ jáde.

Ìbéèrè fún ìdílé
1. Ta ni nínú ilé wa tó rántí ọdún 1989 àti 1990? Ẹ jẹ́ kó sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ.
2. Nínú òwe Jótámù, irú igi wo ni àwa jẹ́?
3. Ǹjẹ́ ìwé gbogbo ọmọ wa tó ti tó ọdún 18 pé?

Kí Màríà Wúńdíá, Ìyá wa, bá wa bẹ Ọmọ rẹ̀ fún ilẹ̀ wa. Àmín.