Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ìperí fún Àmì Ìfojúsùn Òru Lára Ìbọn Ìléwọ́

1. Ìfáárà

Bí ọdẹ bá wọ igbó lóru, ohun méjì ni ojú rẹ̀ ń wá. Èkíní ni ẹran tí ó fẹ́ pa. Èkejì ni ọ̀pá ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ òun tìkára rẹ̀. Iná tí ó so mọ́ iwájú orí ni ó ń fi ẹran hàn án, nítorí pé ẹyinjú ẹran a máa tàn yanran nígbà tí iná bá kàn án. Lẹ́yìn èyí ni ọdẹ yóò tó na ìbọn, tí yóò fi ojú tọ ọ̀pá rẹ̀ lọ títí dé ara ẹran, tí yóò sì fojú sùn kí ó tó yìn ín. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, fojú sùn, ni ó bí ọ̀rọ̀-orúkọ náà àfojúsùn, èyí tí ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba. Lónìí, ẹ̀kọ́ ní àfojúsùn, ètò ọrọ̀-ajé náà sì ní in. Ṣùgbọ́n ohun kékeré tí ó wà lórí ìbọn, tí ojú ń gbára lé kí ó tó lè sùn, kò tíì ní orúkọ tí tẹrú-tọmọ fọwọ́ sí.

Ní Amẹ́ríkà, ọjà ńlá ni ohun kékeré yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí ó ṣeé lò lóru lára ìbọn ìléwọ́ ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: kí ó ra ìbọn tí wọ́n ti fi í sí lára láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, tàbí kí ó ra ìbọn lásán, kí ó sì wá òmíràn fi rọ́pò èyí tí ó bá a wá. Ní Nàìjíríà, yíyàn yìí kò sí lọ́wọ́ ará ìlú, nítorí pé Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìyọ̀ǹda Ààrẹ. Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá tàbí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní Houston tàbí ní Chicago yóò bá ọ̀rọ̀ náà pàdé. Ògbufọ̀ tí wọ́n bá gbé ìwé ẹjọ́ fún yóò bá a pàdé pẹ̀lú. Bí kò bá sí ìperí tí ó péye, àṣìlóye ni yóò gba ipò rẹ̀; àṣìlóye lórí ọ̀rọ̀ ìbọn kì í sì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́.

2. Ohun tí ó wà lórí ìbọn

Àmì méjì ni ó wà lórí ìbọn ìléwọ́. Ọ̀kan wà nítòsí ẹnu ìbọn, ó dúró ṣánṣán bí eyín kan ṣoṣo. Ìkejì wà lẹ́yìn, nítòsí ojú ẹni tí ó mú ìbọn. Ó ní àlàfo láàárín. Bí àmì iwájú bá wọ inú àlàfo àmì ẹ̀yìn, tí orí àwọn méjèèjì dọ́gba, tí àyè tí ó kù lápá ọ̀tún kò ju ti òsì lọ, ìbọn ti dojú kọ ibi tí ojú ń wò. Orúkọ tí ó bá iṣẹ́ yìí mu ni àmì ìfojúsùn. Àmì iwájú àti àmì ẹ̀yìn ni ẹ̀yà rẹ̀ méjèèjì.

Lójú ọ̀sán, dúdú àmì wọ̀nyí hàn gbangba lórí ohun tí ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a pòórá. Àwọn oníṣẹ́-ìbọn a máa kun àmì róbótó funfun sí wọn lára, ṣùgbọ́n ọ̀dà funfun kò ní ìmọ́lẹ̀ ti ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kàn án nìkan ni ó lè dá padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe àmì tí ó ń tàn fúnra rẹ̀.

3. Orúkọ tí kò yẹ ẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu ògbufọ̀ ni awò òru. Ó rọrùn láti pè, ó sì dùn létí. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí ènìyàn ń fi ríran ni awò í jẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ awò òru yóò rò pé ohun náà ń jẹ́ kí ènìyàn ríran nínú òkùnkùn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, àwọn ológun sì ń lò ó, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín. Àmì ìfojúsùn òru kì í tan ìmọ́lẹ̀ sí ohunkóhun. Ibi tí ìbọn dojú kọ ni ó ń fi han ẹni tí ó mú un. Kò lè sọ fún un bóyá olè ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, tàbí ọmọ rẹ̀ tí ó jí lóru láti mu omi.

Ìyàtọ̀ yìí kò ṣòro fún ọdẹ láti mọ̀. Iná orí rẹ̀ ni ó ń fi ẹran hàn. Ọ̀pá ìbọn rẹ̀ kì í fi ẹran hàn. Bákan náà ni ó rí fún ìbọn ìléwọ́. Ẹni tí ó ní àmì tí ń tàn kò tíì bọ́ lọ́wọ́ wíwá tọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ìperí tí ó tọ́ gbọ́dọ̀ sọ pé ohun náà ń dá tàn, kí ó má sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì ìfojúsùn adátàn ṣe èyí. Nínú ọ̀rọ̀ náà adátàn, ìtànná tirẹ̀ nìkan ni ó hàn. Kò sí ìlérí ìríran níbẹ̀.

4. Gáàsì tí ń dín

Ohun tí ó ń jẹ́ kí àmì adátàn tàn ni gáàsì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tírítíọ̀mù. Ẹ̀yà háídrójìn ni. Háídrójìn gbogbogbòò ní prótọ́nù kan nínú kókó rẹ̀. Ti tírítíọ̀mù ní prótọ́nù kan àti nítírọ́nù méjì. Rutherford, Oliphant àti Harteck ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Cambridge ní 1934. Ní 1939, Alvarez àti Cornog fi hàn ní Berkeley pé kókó rẹ̀ kì í dúró pẹ́, pé ó ń yí padà, tí ó sì ń ta ẹ̀lẹ́kítírọ́nù jáde. Wọ́n a rọ gáàsì yìí sínú ọ̀pá gíláàsì tí kò ju ìrẹsì kan lọ, tí wọ́n ti fi ìyẹ̀fun kan pa nínú. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá ti ń kan ìyẹ̀fun náà ni ìyẹ̀fun ń tàn. Kò nílò bátìrì, kò sì nílò kí oòrùn kọ́kọ́ rà á.

Ìtànṣán yìí kò lágbára. Kò lè la gíláàsì já, kò sì lè la awọ ara ènìyàn kọjá. Ewu rẹ̀ wà nínú kí ọ̀pá fọ́ kí ènìyàn sì fa gáàsì náà símú ní ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Òfin Amẹ́ríkà kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó, ṣùgbọ́n ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe é. Èyí tí ó bá ti gbó, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe é ni ó yẹ kí ó padà sí; kò yẹ fún ààtàn.

Ibi tí ìperí ti tún ṣe pàtàkì ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí gáàsì yìí. Ní ọdún 12.3, ìdajì rẹ̀ yóò ti yí padà. Àwọn kan a máa pe àkókò yìí ní ìdajì-ayé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìdajì-ayé yóò ṣírò pé bí ìdajì ayé bá jẹ́ ọdún 12.3, odindi ayé yóò jẹ́ ọdún 24.6, lẹ́yìn náà ohun gbogbo á parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 24.6, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó kù. Ní nǹkan bí ọdún 37, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni ó ń dín sí ìdajì ní ìgbà gbogbo. Àkókò ìdínsídajì ni ìperí tí ó sọ òtítọ́ yìí, nítorí pé iṣẹ́ dídín ni ó tẹnu mọ́.

Ìṣirò náà wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ rà. Àmì tí ó ti lo ọdún 6 lórí àtẹ kò ní ju ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì rẹ̀ lọ mọ́, bí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í tilẹ̀ ń dán bí tuntun. Èyí tí ó ti pé ọdún 10 kò ju ìdá 57 lọ. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ náà sì ń gbó, nítorí náà ohun tí ojú ń rí máa ń kéré ju ohun tí ìṣirò sọ.

5. Ìbéèrè ọjà: ojúlówó ni tàbí ayédèrú?

Ẹni tí ó bá lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó mọ ìbéèrè tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òun: ṣé ojúlówó ni? Ojúlówó ni èyí tí ó ti ọwọ́ àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ wá. Ìyókù wà lábẹ́ ìfura. Bí ènìyàn bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ọ̀rọ̀ ìbọn, àmì tí ó bá ìbọn wá yóò di ojúlówó, èyí tí wọ́n rà lẹ́yìn náà yóò sì di ayédèrú. Irọ́ ni èyí. Glock ti ta ìbọn tí àmì AmeriGlo wà lórí rẹ̀ láti ilé. AmeriGlo kan náà a sì máa ta àmì fún ẹni tí ó fẹ́ fi rọ́pò. Ọwọ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì.

Nítorí èyí kan náà ni àmì ti ilé-iṣẹ́ kò fi dára ní ìperí, nítorí pé kò sí èyí tí kò ti ilé-iṣẹ́ wá nínú méjèèjì. Ọjà ẹ̀yìn-ọjà, tí ó tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, kò sọ ohunkóhun fún Yorùbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà dé orí ìbọn. Ọ̀kan bá ìbọn wá: abábọnwá ni. Ìkejì ni wọ́n fi rọ́pò ohun tí ó wà níbẹ̀: àfirọ́pò ni. Ìperí méjèèjì sọ ọ̀nà, wọn kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí ó bá lò wọ́n yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kù tí òun kò tíì béèrè.

6. Yíyàn

Àǹfààní abábọnwá ni pé ẹni tí ó rà á kò san owó lẹ́ẹ̀mejì. Kò ra àmì lásán tí yóò tún yọ sọnù, kò sì san owó iṣẹ́ fún ẹni tí yóò yọ ọ́. Gíga àmì iwájú àti ti ẹ̀yìn ti bá ara wọn mu láti ilé. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí àwọn oníṣẹ́-ìbọn yàn ni ènìyàn yóò gbà: àwọ̀ kan, ìrísí kan. Bí àmì róbótó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì tàn bákan náà, ojú tí ó wà nínú ìkánjú lè ṣì wọ́n mú, kí ó fi ti ẹ̀yìn ṣe ti iwájú.

Àfirọ́pò ni ó fún ojú ní àyè láti yan. Ènìyàn lè mú èyí tí àmì iwájú rẹ̀ ní òrùka aláwọ̀ ọsàn tàbí àwọ̀ ewé tí ó hàn lọ́sàn-án, kí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ dúdú pátápátá, kí ojú má baà ní ohun méjì láti lé. Ó lè mú èyí tí ó ga, bí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ìfojúsùn mìíràn lé ìbọn lórí. Tírítíọ̀mù tí ó ń tàn ní àwọ̀ ewé ni ojú ń rí jù nínú òkùnkùn, nítorí pé àwọ̀ náà ni ojú ènìyàn mọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n àfirọ́pò ní ìṣirò tirẹ̀. Bí àmì iwájú tuntun bá ga ju ti àtijọ́ lọ, tí ti ẹ̀yìn kò yí padà, ọta yóò máa balẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí ojú sùn. Lára ìbọn tí àmì rẹ̀ méjèèjì fi mìlímítà 165 jìnnà sí ara wọn, gíga tí kò ju mìlímítà 0.66 lọ yóò mú kí ọta lọ sílẹ̀ ní mìlímítà 100 ní ibi tí ó jìnnà tó mítà 25. Ohun tí kò tó ìbú èékánná ni ó di ìbú ọwọ́ kan. Ó yẹ kí wọ́n lo ẹ̀rọ tí ń ti àmì sí ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé òòlù lè fọ́ ọ̀pá gíláàsì. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí ó ni ìbọn gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn, kí ó dán an wò, kí ó tó fi ọkàn tán an.

Nítorí náà, bí ènìyàn bá ń ra ìbọn tuntun, tí ìrísí abábọnwá bá sì tẹ́ ojú rẹ̀ lọ́rùn, òun ni kí ó mú. Bí ó bá ti ní ìbọn tẹ́lẹ̀, tàbí tí gáàsì inú abábọnwá ti gbó, àfirọ́pò ni ó kàn. Nínú èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́, ìbéèrè mẹ́ta ni ó ṣáájú ìbéèrè ibi tí ó ti wá: ọdún wo ni wọ́n rọ gáàsì sí i? Báwo ni ó ti ga tó? Èwo ni ojú kọ́kọ́ rí?

7. Àgbálọgbábọ̀

Wọ́n ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ohun tí wọ́n bá pè ní awò òru, wọn yóò lò ó bí awò. Ohun tí wọ́n bá pè ní ayédèrú, wọn yóò kọ̀ ọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ìperí tí ó tẹ̀lé yìí gbìyànjú láti sọ ohun tí nǹkan ń ṣe, kí wọ́n sì dúró níbẹ̀.

Àmì ìfojúsùn: ohun tí ó wà lórí ìbọn, tí ojú ń gbára lé láti fi sùn.
Àmì iwájú, àmì ẹ̀yìn: ẹ̀yà rẹ̀ méjèèjì.
Adátàn: èyí tí ń tàn fúnra rẹ̀, tí kì í tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun mìíràn.
Tírítíọ̀mù: ẹ̀yà háídrójìn tí kókó rẹ̀ ń yí padà.
Àkókò ìdínsídajì: iye àkókò tí ohun tí ó ṣẹ́kù fi ń dín sí ìdajì.
Abábọnwá: ẹ̀yà tí ó bá ìbọn wá láti ilé.
Àfirọ́pò: ẹ̀yà tí wọ́n rà lẹ́yìn náà láti fi dípò ti ìṣáájú.