Àpótí Tuntun tí ó Wọ Aṣọ Àtijọ́

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, a yà sí ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní ìlú Ìbàdàn láti bá wọn jẹun ọ̀sán. Bí a ti wọ inú pálọ̀ ni ojú wa ṣe kòńgẹ́ àpótí kékeré kan lórí tábìlì, èyí tí a kò rí níbẹ̀ rí. Ara rẹ̀ dà bí igi tí a fi fáníìṣì kùn. Aṣọ híhun tí ó pọ́n bí àgbàdo gbígbẹ bo iwájú rẹ̀. Ọwọ́ tí a fi awọ ṣe wà ní orí rẹ̀ fún gbígbé. Kókó méjì tí ó ní àwọ̀ idẹ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a ń fi ìka yí. Bí kì í bá ṣe pé ó ń dán gbinrin, à bá búra pé inú àjà baba ẹnìkan ni wọ́n ti gbé e sọ̀kalẹ̀.

Àkọ́bí ọ̀rẹ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbé ní Èkó, ni ó rà á wá fún ìyá baba rẹ̀, nítorí pé Ìyá Àgbà pé ọmọ ọdún 84 ní ọ̀sẹ̀ náà. Sípíkà ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Ó ní rédíò nínú, ó sì ní bátìrì tí a ń fi iná mànàmáná kún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé ó ń gba orin àti ọ̀rọ̀ láti inú fóònù, láìsí wáyà kankan láàárín àwọn méjèèjì.

Ìyá Àgbà yí tábìlì náà po, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀, ó wo ẹ̀yìn àpótí náà, ó sì bèèrè pé: "Níbo ni okùn rẹ̀ gbà wọlé?"

Wọ́n ní kò ní okùn.

"Ta ni ó wá ń sọ ohun tí yóò sọ fún un?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà pín ọ̀rọ̀ rédíò láti ilé dé ilé ní Èkó; ní ọdún 1939 iṣẹ́ náà dé Ìbàdàn. Ibùdó kan ni yóò gba ohùn láti òfurufú, pàápàá ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ lórí wáyà sí àpótí tí ó wà nínú ilé ẹni tí ó bá san owó. Àpótí náà kò lè wá ibùdó mìíràn kiri. Ohun tí ó bá gba orí wáyà wá ni yóò sọ: bí ó bá wù ọ́, gbọ́, bí kò bá wù ọ́, pa á. Àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn.

Ìyá Àgbà sọ fún wa pé ọ̀kan wà ní ilé baba òun nígbàtí òun wà ní ọmọdébìnrin. Bí àkókò ìròyìn bá tó, odó gbọ́dọ̀ dákẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn aládùúgbò tí kò ní tiwọn yóò wá dúró sí abẹ́ fèrèsé, ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́. "A kì í fi ọwọ́ kàn án," ni ó wí. "Baba wa nìkan ni ó ń yí i." Bí ó ti ń sọ èyí, ó na ìka sí ọ̀kan nínú kókó aláwọ̀ idẹ wọ̀nyí, ó sì tún fà á padà.

Láti ìgbà náà wá, ọ̀rọ̀ rédíò ti yípadà gidigidi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, a ṣe ohun kékeré kan tí a ń pè ní transistor, èyí tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn gílóòbù ńláńlá tí ń gbóná nínú rédíò àtijọ́. Ní ọdún 1954, rédíò àkọ́kọ́ tí a fi í ṣe fún títà, Regency TR-1, jáde ní ọjà Amẹ́ríkà. Ó wọ inú àpò, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 49 àti sẹ́ǹtì 95. Rédíò kúrò lára ògiri, ó bá àgbẹ̀ lọ sí oko, ó bá onígbàjámọ̀ jókòó sí abẹ́ igi. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ èyí tí a fi awọ wọ̀ láṣọ tí ó ní ihò wínníwínní lára, tí baba yóò gbé kọ́ èjìká bí ó ti ń jáde.

Aṣọ wọ̀nyí ni àwọn onísẹ́-ẹ̀rọ òde òní ń bọ́ lára àwọn tí ó ti kú, tí wọ́n sì ń fi wọ àwọn ọmọ tuntun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Roberts, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1932, ń ta rédíò kan tí a pè ní Revival, èyí tí a ṣe ní àwòrán ti àwọn ọdún 1950. Àpótí dúdú tí ó ní ojú bí wúrà, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù, tẹ̀lé ìrísí àwọn ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí Jim Marshall, onílù kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Hanwell ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fún àwọn onígìtá ní ọdún 1962. Ẹni tí kò tíì di gìtá mú rí ni ó ń rà á lónìí sí orí tábìlì oúnjẹ.

Gbogbo ilé ni ó ní ohun tí wọ́n sọ sí àpótí náà. Ìyàwó ilé fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó bá àga pálọ̀ mu, ó sì lè gbé e lọ sí ilé ìdáná kí orin ìyìn máa bá a dín àkàrà. Ọmọbìnrin kékeré, ọmọ ọdún 9, ní ó dà bí ohun inú fíìmù àwọn arúgbó. Ọ̀rẹ́ wa fúnra rẹ̀ fura sí i. "Bí nǹkan bá jẹ́ tuntun," ni ó wí, "kí ni ó ń fi ara rẹ̀ pamọ́ sí?" Ó sì ránṣẹ́ sí aládùúgbò wọn kan tí ó ti ń tún rédíò ṣe fún ọdún púpọ̀.

Ọkùnrin náà fi ìka kan ara àpótí lu lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní igi kọ́ ni. Bébà tí a ya ìlà igi sí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó tí a fi ẹ̀rùn igi dì. Ó fi hàn wá pé abẹ́rẹ́ tí ó wà nínú dígí kékeré iwájú rẹ̀ kì í rìn. Kíkùn ni wọ́n kùn ún síbẹ̀. Inú ọ̀rẹ́ wa dùn pé òun ti mú olè. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò tíì sọ tán. Ó ní irú pátákó dídì bẹ́ẹ̀ dára fún àpótí ohùn, nítorí pé ó wúwo, kì í sì í gbọ̀n bí ike. Nípa ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó ní kò sí ọ̀tun níbẹ̀: wáyà tí a ká, mágnẹ́ẹ̀tì, àti bébà tí ó rí bí àrọ, tí ń mì tìtì tí ó sì ń ti afẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn. Òtítọ́ ni ó sọ. Ní ọdún 1925 ni Chester Rice àti Edward Kellogg gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí Asọ̀rọ̀mágbèsì tó dé Èkó. Nítorí náà àgbà wà nínú àpótí náà ní tòótọ́. Kì í kàn ṣe ibi tí a ń wò ni ó wà.

Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni èyí tí Ìyá Àgbà bèèrè, okùn tí a kò rí. Bluetooth ni orúkọ rẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ Ericsson, ní ìlú Lund ní ilẹ̀ Sweden, ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994. Ìgbì rédíò ni, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré. Nínú ilé, kì í sábà kọjá ìwọ̀n mítà 10. Kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, ó ń fò láti ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn ní ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fóònù àti àpótí sì jọ mọ ibi tí fífò tí ó kàn yóò balẹ̀ sí. Orúkọ náà jẹ́ ti ọba kan ní ilẹ̀ Denmark ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Harald, tí a fi ìnagijẹ pè ní Eléyín-búlúù. Ó kó àwọn ará Denmark jọ sí abẹ́ ìjọba kan, ó sì kọ ọ́ sí ara òkúta ní Jelling pé òun ni òun sọ wọ́n di Kristẹni. Nítorí pé ohun-èlò yìí ń so àwọn ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè ara wọn pọ̀ ni a fi fún un ní orúkọ ọba náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó so pọ̀ ní ọjọ́ náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni rò. Wọ́n ti yọ̀ǹda fún wa láti kọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá dárúkọ ẹnìkan.

Orin inú fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni àpótí ń kọ fún wa nígbàtí a ń jẹun. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti bu omi, ó sì fi fóònù náà sílẹ̀ lórí àga. Lójijì, orin dákẹ́, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí dún bí agogo. Ọmọbìnrin kékeré rò pé orin ni ó kọsẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì tí ó wà lórí rẹ̀, èyí tí a fi ń dá orin dúró, tí a sì tún fi ń gba ìpè. Ohùn ọkùnrin kan sì kún gbogbo pálọ̀, ó mọ́ gaara, bí ẹni tí ó jókòó pẹ̀lú wa níbi ọbẹ̀:

"Ẹ káàsán o. Ọ̀rọ̀ owó ilé yẹn náà ni. A mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín láti oṣù Kẹta, a sì ti ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n onílé ní bí oṣù yìí bá parí, kí ẹ kó ẹrù yín jáde."

Oṣù Kẹjọ ni a wà nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó mí. Ọkùnrin náà ń pe "Ẹ ń gbọ́ mi bí?" nígbàtí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú jọ́ọ̀gì omi ní ọwọ́. Ó gbọ́ ohùn náà, ó rí ojú wa, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí kán sílẹ̀.

"Láti oṣù Kẹta?" ni baba rẹ̀ wí.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ẹ̀rọ kì í tú àṣírí, ènìyàn ni ó ń tú u. Àwa rí i ní ọjọ́ náà. Asọ̀rọ̀mágbèsì àtijọ́ kò gbọ́ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ wọlé nípasẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ó gba ibẹ̀ jáde. Ti òde òní wọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní etí. Gbohùngbohùn kékeré wà nínú rẹ̀, fóònù ẹnikẹ́ni tí a bá so mọ́ ọn ni ó sì ń jẹ́ olúwa rẹ̀, yálà ó wà nínú yàrá tàbí kò sí.

Baba dìde. A mọ̀ ọ́n, a sì mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ sọ. Ìyá Àgbà ni ó ṣáájú rẹ̀. "Ẹ pa nǹkan yìí," ni ó wí. Nígbàtí wọ́n pa á tán, ó kọjú sí ọmọ náà, ó fi oríkì pè é. "Àkànní, gbé omi sílẹ̀. Jókòó, jẹun." Ó jẹ́ kí ó bù oúnjẹ sí ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó bèèrè iye tí ó ra àpótí náà. Ọmọ náà sọ ọ́ pẹ̀lú omi lójú. Owó díẹ̀ tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú èyí tí ibi iṣẹ́ fún un nígbàtí wọ́n dá a dúró ni. Ó ní òun kò fẹ́ wá sí ọjọ́ ìbí ìyá òun ní ọwọ́ òfo, kí wọ́n má baà bi òun léèrè.

Fún àwọn òǹkàwé wa tí ó ti ní irú àpótí yìí ní ilé, tàbí tí wọ́n fẹ́ rà á, a fẹ́ fi èyí kún un. Ààyè wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù láti sọ pé kí àpótí máa gba orin nìkan, kí ó má gba ìpè. Ẹ wá a, kí ẹ pa ìpè níbẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ orin tán, ẹ tú fóònù kúrò lára rẹ̀. Fóònù àtijọ́ tí kò ní káàdì ìpè nínú mọ́ tilẹ̀ sàn jù fún orin ilé. Ẹ má ṣe fi iná sí bátìrì rẹ̀ lórí ibùsùn, nítorí ooru. Ní ti ohùn, ògiri ilé wa kò nípọn. Aládùúgbò kò bá yín pín owó rẹ̀, kí ó má baà bá yín pín ariwo rẹ̀.

A tún yà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Wọ́n ti gbé àpótí náà kúrò ní pálọ̀ lọ sí yàrá Ìyá Àgbà, kò sì sí fóònù kankan tí a so mọ́ ọn. Rédíò inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lò. Àkànní ti kó ẹrù rẹ̀ dé láti Èkó. Ó jókòó sí orí ẹní ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sórí itan, baba rẹ̀ sì dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bá a ka èyí tí ó ti kọ tán. Nígbàtí agogo ìròyìn lù, Ìyá Àgbà ní kí gbogbo wa dákẹ́. Ó na ọwọ́, ó sì yí kókó aláwọ̀ idẹ náà fúnra rẹ̀.