Klopp ní ìsàlẹ̀ tábìlì

Ní oṣù kejì ọdún 2015, Borussia Dortmund ló gbẹ́yìn nínú líìgì Jámánì. Jürgen Klopp, tó gba ife líìgì náà ní 2011 àti 2012, ni kóòṣì wọn. Ṣé ó ti gbàgbé iṣẹ́ ni?

Ẹni tó wo tábìlì nìkan á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò tọ́ ká dá kóòṣì lẹ́jọ́ láìwo àwọn tó ní lọ́wọ́. Robert Lewandowski, ògbóǹtarìgì agbágóòlùwọlé wọn, ti lọ sí Bayern Munich. Marco Reus ń fara pa léraléra. Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù létí lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fìdí rẹmi.

Àwọn aláṣẹ ò lé Klopp. Dortmund parí sí ipò keje, wọ́n sì dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Jámánì. Klopp fúnra rẹ̀ ló ní òun ń lọ. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Liverpool gbà á síṣẹ́.